Orúkọ Tí Mo Tẹ̀ Sára Àpò Gàrí

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí ìbínú mi, kí ó wá sọ fún mi pé báyìí ni ọjà ṣe wà. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bí mi nínú ju èébú lọ. Ẹni tó bú mi, mo lè bú u padà, kí oníkálukú máa lọ sílé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe mí níkà tán, tó wá ní báyìí ni ọjà ṣe wà, ohun tó ń wí ni pé kí n lọ bá ọjà jà. Ọjà kò sì ní ẹnu ọ̀nà tí mo lè lọ dúró sí.

Obìnrin ni mí, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa tẹ àwòrán àti ọ̀rọ̀ sára nǹkan. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Ìyànà Ọ̀fà, létí títì, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú ti máa ń dúró de ọkọ̀ nírọ̀lẹ́. Aṣọ eré ìdárayá àwọn ọmọ ilé ìwé, aṣọ ìkórè ìjọ Aláàdúrà tí èmi fúnra mi ń lọ, híjáàbù àwọn ọmọ ilé kéwú, gbogbo rẹ̀ ló ń gba abẹ́ ọwọ́ mi kọjá. Bí a ṣe ń ṣe é kò ṣòro láti ṣàlàyé. A ó na aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan mọ́ férémù onígi, òun ni à ń pè ní síkírìn. A ó dí ojú aṣọ náà pátá, àfi ibi tí a bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ti jáde. A ó gbé e lé ohun tí a fẹ́ tẹ̀, a ó da yíǹkì sí etí rẹ̀ kan, a ó sì fi pákó tó ní rọ́bà lẹ́nu wọ́ yíǹkì náà kọjá. Bó ti wù kí o mọ iṣẹ́ yìí tó, bí ó bá jẹ́ yíǹkì burúkú lo rà, ìwọ àti ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ rí, ọ̀kan náà ni yín.

Ìyá onígàrí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí ń gbé ní abúlé kan tí ọ̀nà rẹ̀ yà lẹ́bàá Ìyànà Ọ̀fà, tí ọ̀kadà ń gbéni dé. Mùsùlùmí ni wọ́n. Ọkọ wọn ti kú, àwọn ọmọ sì ti tú ká lọ síbi iṣẹ́. Gàrí ni wọ́n fi tọ́ gbogbo ọmọ ọ̀hún. Èmi tí mo ti jẹ gàrí wọn lè jẹ́rìí sí i: ó funfun, ó gbẹ, ó kan dáadáa, bí o bá sì da omi tútù sí i, yóò máa dún lẹ́nu rẹ títí o ó fi fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ abọ́. Wọn kì í kánjú. Àwọn mìíràn á rin ẹ̀gẹ́ lónìí, wọn á yan án lọ́la. Ti Ìyá á jókòó sínú àpò lábẹ́ òkúta títí omi ìkẹyìn yóò fi ro dànù, tí kíkan rẹ̀ yóò sì pé.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ìdúró ni wọ́n wà tí wọ́n fi bá mi sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, ṣé ìwọ lò ń kọ nǹkan sára aṣọ?"

"Èmi ni, Ìyá. Ẹ kú ìrìn, mà. Ẹ jókòó."

"Tàdáwà tí ò ń lò yìí, ṣé ó lè mú ara àpò?"

Mo ní ó lè mú ara àpò, pé irú tirẹ̀ lọ́tọ̀ wà. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó jókòó.

"Ó dáa. Orúkọ mi ni mo fẹ́ kí o bá mi kọ sára àpò gàrí. Kí o jẹ́ kó tóbi."

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fẹ́ kọ orúkọ lẹ́yìn gbogbo ọdún tí wọ́n ti ń ta gàrí láìkọ ọ́. Wọ́n wò mí bí ẹni pé ó yẹ kí n ti mọ̀.

"Mo lọ kí ọmọ ọmọ mi tó ń kàwé ní yunifásítì, ó háyà yàrá ní Ajíbọ̀dé. Ó lọ ra gàrí wá pé kí n fi panu. Mo fi kan ẹnu báyìí, mo ní gàrí mi nìyí. Mo dìde, mo ní kó mú mi lọ síbi tó ti rà á. Àṣé obìnrin alájàpá tó ń wá kó gàrí lọ́wọ́ mi ló ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún. Òun gan-an ò sí níbẹ̀, ẹni tó fi síbẹ̀ ò sì mọ̀ mí. Mo wo ẹnu àpò, okùn tí mo fi ọwọ́ ara mi so ló ṣì wà níbẹ̀. Mo ní, ìyàwó, gàrí ibo nìyí? Ó ní gàrí Ìjẹ̀bú ni, mà, ojúlówó."

Wọ́n tún gèlè wọn ṣe.

"Wàláhì, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Ìgbà tí mo délé ni inú ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń bí mi. Kí ló kan èmi kan Ìjẹ̀bú? Bàbá mi ò dé ọ̀hún rí. Èmi ni mo hú u, èmi ni mo rin ín, èéfín rẹ̀ ló sọ ojú mi dà báyìí, Ìjẹ̀bú ló wá gba orúkọ."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Àwọn àgbà ní ẹni tí a bá fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀. Ìyá yìí ní àwọn yóò jẹ níbẹ̀, mo sì gbà pé ẹ̀tọ́ wọn ni. Kì í ṣe pé Ìjẹ̀bú ṣe nǹkan burúkú. Ṣùgbọ́n gbogbo gàrí tó bá ti dára ní ilẹ̀ Ìbàdàn ni àwọn alájàpá máa ń fi orúkọ Ìjẹ̀bú pè, bí ẹni pé àwa tí a wà ní Lágelú kò lè fi ọwọ́ wa ṣe ohun tó dára.

A jọ pinnu bí yóò ṣe rí. Orúkọ tí gbogbo abúlé fi ń pè wọ́n, tí n kò ní dá níbí, ni yóò gba àyà àpò kọjá. Àwòrán ẹ̀gẹ́ yóò wà lábẹ́ rẹ̀, a ó sì kọ "Gàrí Ọmọ Lágelú" sí ìdí àwòrán náà. Mo bi wọ́n bóyá kí n fi nọ́ńbà fóònù sí i. Wọ́n ní rárá o, ẹni tó bá fẹ́ àwọn, kí ó wá sílé, ẹsẹ̀ ò gbọdọ̀ ya ọ̀lẹ.

Mo lọ sígboro Ìbàdàn, sọ́dọ̀ ọkùnrin tí mo ti ń ra yíǹkì lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tóbi, orúkọ rẹ̀ sì wà lórí pátákó iwájú ibẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ tóbi débi pé ojú lè kà á láti òdìkejì títì. Mo béèrè yíǹkì tó máa ń mú ara àpò. Ó gbé agolo kan fún mi tí mo mọ ìwé ara rẹ̀ bí mo ṣe mọ ojú ọmọ mi. Irú yíǹkì yìí máa ń rùn fúnra rẹ̀, nítorí tínà, epo olóòórùn tí wọ́n fi ń là á, tó wà nínú rẹ̀, nítorí náà n kò gbọ́ òórùn kankan tó ṣàjèjì sí mi. Mo tẹ àwọn àpò náà, mo sá wọn sóòrùn, mo sì fi àtàǹpàkò ra ojú wọn bí mo ṣe máa ń ra gbogbo iṣẹ́ mi. Nǹkan kan kò kúrò níbẹ̀.

Èmi fúnra mi ni mo gbé wọn lọ sí abúlé. Ìyá gbé ọ̀kan lé itan, wọ́n ní kí n fi ibi tí orúkọ wọn ti bẹ̀rẹ̀ hàn wọ́n, nítorí wọn kò mọ̀wé kà. Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n fi ìka tọ àwọn lẹ́tà náà lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n tún padà síbẹ̀rẹ̀.

"Bí mo ṣe gùn tó nìyí?" ni wọ́n wí, tí àwa méjèèjì sì ń rẹ́rìn-ín.

Ohun kan wà tí gbogbo onígàrí abúlé yẹn máa ń ṣe lásìkò òjò. Gàrí kì í fẹ́ ọ̀rinrin. Bí afẹ́fẹ́ òjò bá wọ inú rẹ̀, yóò rọ̀, kò ní dún lẹ́nu mọ́. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti yan gàrí tán, tí ó ti tutù, tí wọ́n ti jọ̀ ọ́ sínú àpò, ẹ̀yìn ààrò ni wọ́n máa ń tò ó sí. Ògiri amọ̀ kan ló wà láàárín àpò àti iná. Ògiri náà máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ tọ̀sán-tòru, òun ni kì í jẹ́ kí gàrí wọn rọ̀ títí alájàpá yóò fi dé. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá wọn ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni ìyá ọkọ wọn ṣe é, kò sì fa nǹkan kan rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ìyá ṣe to àwọn àpò tí mo tẹ̀, wọ́n kọ ojú orúkọ sí ògiri kí èéfín má baà bà á jẹ́.

Alájàpá kó gàrí náà lọ sí Ajíbọ̀dé. Ó kọ́kọ́ kùn nítorí orúkọ, nítorí kò lè pè é ní ti Ìjẹ̀bú mọ́, ṣùgbọ́n ó kó o. Ẹni tó bá mọ Ajíbọ̀dé mọ̀ pé ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni, bí oṣù bá sì ti ń parí lọ, gàrí àti omi tútù ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń ṣe oúnjẹ ọ̀sán. Wọ́n ra gàrí, wọ́n da omi sí i, wọ́n gbé e sẹ́nu. Kẹrosíìnì.

Ọ̀kan nínú wọn ya fọ́tò àpò náà, orúkọ Ìyá hàn gedegbe lára rẹ̀. Ó kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò náà pé kí gbogbo ènìyàn ṣọ́ra fún gàrí yìí, pé ẹni tó ṣe é fẹ́ fi kẹrosíìnì pa ọmọ ọlọ́mọ. Láti fóònù dé fóònù ni ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Bí kò bá sí orúkọ lára àpò ni, wọn ì bá bú gàrí, ì bá parí síbẹ̀. Ohun tí Ìyá fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wá bẹ̀ mí pé kí n ṣe ni wọ́n fi mú wọn.

Alájàpá kó ìyókù gàrí padà, ó sì jù ú sílẹ̀ níwájú ilé wọn lójú gbogbo abúlé. Ìyá ló ròyìn rẹ̀ fún mi fúnra wọn. Obìnrin náà kò bú wọn, ó kàn dúró lẹ́bàá ọkọ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ ọmọ ọlọ́mọ."

Mo fẹ́ kí ẹ ro ọ̀rọ̀ yìí wò. Obìnrin tó ń ṣe àlùwàlá kí ó tó kí ìrun kọ̀ọ̀kan láti kékeré rẹ̀, tí kì í fi ọwọ́ tó fi dáná kan gàrí láìjẹ́ pé ó lọ bomi ṣan án, òun ni wọ́n ní kí ó máa fọwọ́. Títí di òní, bí mo bá rántí rẹ̀, ara mi á gbóná.

Ìyá wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n di gàrí díẹ̀ mọ́ ìdí aṣọ. Wọn kò fi ẹ̀sùn kàn mí. Wọ́n ní kí n wá abọ́ àti omi tútù. A da omi sí gàrí náà, mo gbé e sí imú, mo sì gbé e kalẹ̀.

"Ṣé ìwọ náà gbọ́ ọ?" ni wọ́n bi mí.

"Mo gbọ́ ọ, Ìyá."

"Mo ti fọ agbada. Mo ti fọ àtẹ. Mo ti da gbogbo kẹrosíìnì inú fìtílà mi nù, mo sì ń jókòó sínú òkùnkùn. Ṣé ẹ̀mí àìrí ló ń da kẹrosíìnì sí gàrí mi ni?"

Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ̀lé wọn lọ sí abúlé. Mo lọ sẹ́yìn ààrò, mo gbé ọwọ́ lé ògiri, mo sì gbé ọwọ́ lé àpò kan tó ṣì wà níbẹ̀, lójú ibi tí orúkọ wà. Yíǹkì tí àtàǹpàkò mi kò lè ra kúrò ní ṣọ́ọ̀bù lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí oje. Mo tú àpò náà. Ní ẹ̀yìn orúkọ gan-an, gàrí ti dì mọ́ra, ó sì ń rùn. Ibi tí orúkọ kò dé, gàrí ibẹ̀ dára, ó ń dún lẹ́nu. Lẹ́tà mi ni kẹrosíìnì gbà wọlé.

Mo padà lọ gbé ìyókù agolo yíǹkì náà. Mo bù díẹ̀ sórí páànù, mo gbé e sítòsí iná. Kò pẹ́ tí epo fi yọ kúrò lára àwọ̀, tí ó ń ṣàn lọ sí ẹ̀bá páànù. Ojúlówó yíǹkì àpò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Inú bí mi dé ibi pé mo fi èékánná họ ìwé ara agolo náà, ìwé tí mo ní mo mọ̀ bí ojú ọmọ mi. Abẹ́ rẹ̀ ni mo ti bá ìwé mìíràn. Agolo ọ̀dà ni, èyí tí ẹnì kan ti fi kun ilé rẹ̀ tán tó sì jù nù.

Ẹni tó da kẹrosíìnì sí yíǹkì kí ó lè pọ̀ sí i fi orúkọ ilé iṣẹ́ ẹlòmíràn bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyá tó yan gàrí tó mọ́ kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà síta. Ẹ wá wo ẹni tí ayé ń bú.

Mo kó gàrí olóòórùn yẹn sínú ọ̀rá, mo mú abọ́ àti ṣíbí, mo gbé agolo, mo wọkọ̀ lọ sígboro. Ọkùnrin náà jókòó sẹ́yìn tábìlì rẹ̀, ẹsẹ Bíbélì wà lára ògiri lókè orí rẹ̀. Ó rí ojú mi, ó dìde.

"Màmá, ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó, mà."

"N kò ní jókòó. Kí lẹ dà sínú agolo yìí?"

Ó gba agolo náà, ó wò ó yípo, ó rí ibi tí mo ti họ ọ́. Ojú rẹ̀ yí díẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò yí.

"Bó ṣe dé ọwọ́ wa la ṣe ń tà á, mà. Àwa kọ́ la ṣe é. Àbí ẹ̀yin ni ẹ fi nǹkan là á?"

"Agolo ọ̀dà ni wọ́n fi ṣe agolo yíǹkì, ẹ sì ní bó ṣe dé ọwọ́ yín?"

"Màmá, ẹ ṣe sùúrù. Gbogbo yín lẹ̀ ń rà á, kò sí ẹlòmíràn tó wá ráhùn. Báyìí ni ọjà ṣe wà."

Ó sọ ọ́. Mo bọ́ síta, mo ra omi tútù inú ọ̀rá lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan tó ń kiri, mo padà wọlé. Mo da gàrí sínú abọ́ lórí tábìlì rẹ̀, mo da omi sí i, mo ki ṣíbí bọ̀ ọ́, mo sì tì í síwájú rẹ̀.

"Ẹ mu ún."

Ó rẹ́rìn-ín. "Mo ti jẹun, mà."

"Ṣíbí kan péré. Yíǹkì yín ni mo fi tẹ àpò rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ tọ́ ohun tí ẹ tà wò."

Àwọn oníbàárà tó wà níbẹ̀ ti yíjú sí wa. Ọkùnrin náà wo abọ́, òórùn rẹ̀ sì ti ń kàn án nímú níbi tó dúró. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti abọ́ náà padà sọ́dọ̀ mi, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ti oúnjẹ àṣẹ́kù. Mo tún tì í sí i. Ó tún tì í padà. Bẹ́ẹ̀ ni à ń ṣe bí ọmọdé méjì, títí omi fi dà sórí tábìlì.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé agolo mìíràn jáde lábẹ́ tábìlì, ó gbé e síwájú mi.

"Ẹ gba èyí, mà. Kí ọ̀rọ̀ tán."

Mo ní n kò fẹ́ agolo. Mo ní kí ó dìde, kí ó tẹ̀lé mi lọ sí abúlé, kí ó wí lójú alájàpá àti lójú gbogbo ará ibẹ̀ pé yíǹkì òun ló ń rùn, kì í ṣe ọwọ́ Ìyá. Bí kò bá lè lọ, kí ó sọ ọ́ sínú fóònù mi, èmi yóò gbé e lọ.

"Èmi ò mọ ìyá kankan," ni ó wí. "Ẹ̀yin ni mo tajà fún."

Ohun tó dùn mí jù kò tíì wá. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà, ẹni tó ń tẹ nǹkan bíi tèmi, tí ojú rẹ̀ ti rí gbogbo rẹ̀, tí imú rẹ̀ sì ti gbọ́ ọ, na ọwọ́ sí agolo tí mo kọ̀. Mo wò ó. Ó gbé èjìká sókè.

"Aṣọ ni èmi ń tẹ̀, mà. Èmi kì í tẹ nǹkan oúnjẹ."

Ó gbé e lọ. Aṣọ ọmọ ta ni yóò fi tẹ̀, tí ọmọ náà yóò máa làágùn sínú rẹ̀, n kò mọ̀. Mo gbé abọ́ mi, mo jáde, mo sì dúró létí títì. Lókè orí mi ni orúkọ ọkùnrin náà wà lórí pátákó rẹ̀, kò sí àbààwọ́n kankan lára rẹ̀.

Láti ibẹ̀ mo gba Ajíbọ̀dé lọ. Mo bá alájàpá náà, mo fi agolo hàn án, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ògiri àti iná fún un. Kì í ṣe òpònú, ọ̀rọ̀ náà yé e. Ó tilẹ̀ ní ojú ń ti òun nítorí ohun tí òun sọ fún Ìyá.

"Nígbà náà, sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́," ni mo wí.

"Ta ni kí n sọ ọ́ fún, mà? Àwọn tó wà níbí nìkan kọ́ ló gbọ́ ọ. Ìbátan mi kan ní ọ̀nà jíjìn fi fọ́tò yẹn ránṣẹ́ sí èmi fúnra mi, ó ní kí n ṣọ́ra."

Ó gbìyànjú, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó fi ọ̀rọ̀ mi ránṣẹ́ lórí fóònù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọ̀rọ̀ kẹrosíìnì dùn-ún sọ. Ọ̀rọ̀ ògiri ààrò àti yíǹkì gùn, kò sì sí fọ́tò lára rẹ̀. Kò sí ẹni tó tún un fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Ohun tó kù tí mo lè ṣe, mo ṣe é. Mo wá yíǹkì mìíràn lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Kí n tó tẹ lẹ́tà kan fún Ìyá, mo tẹ̀ ẹ́ sára àpò lásán, mo da gàrí tó dára sínú rẹ̀, mo gbé e ti ògiri ààrò ara mi fún ọjọ́ mélòó kan, mo sì mu gàrí náà pẹ̀lú omi tútù. Gàrí ni mo gbọ́ lẹ́nu, kò sí nǹkan mìíràn. Ìgbà yẹn ni mo wá tẹ àpò tuntun, orúkọ náà gàdàgbà bíi ti àkọ́kọ́, mo gbé e lọ fún wọn, n kò sì gba nǹkan kan.

Ìyá gbà wọ́n pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Wọ́n ṣe àdúà fún mi, wọ́n ní Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Wọn kò ní kí n fi ibi tí orúkọ wọn ti bẹ̀rẹ̀ hàn wọ́n. Mo rò pé nítorí pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n ni.

Ọjọ́ ọjà Ìyànà Ọ̀fà tó tẹ̀lé e, mo bọ́ síta láti lọ ra ata. Mo rí Ìyá láàárín àwọn onígàrí, inú mi sì dùn pé wọ́n ti padà sọ́jà. Mo ń sún mọ́ wọn lọ, mo ń wá orúkọ. Àpò funfun lásán ni gàrí wọn wà, irú èyí tí wọ́n ti ń lò kí wọ́n tó mọ̀ mí. Àwọn àpò tí mo tẹ̀ ni wọ́n ká léra wọn, tí wọ́n sì fi ṣe ìjókòó. Mo rí etí lẹ́tà tó kẹ́yìn nínú orúkọ wọn tó yọ lábẹ́ ìró wọn.

Obìnrin kan tó múra bí òṣìṣẹ́ ìjọba dúró níwájú wọn. Ó bu gàrí díẹ̀ lẹ́nu àpò, ó dà á sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́, orí rẹ̀ sì ń mì.

"Ìyá, gàrí yìí mà dára o. Gàrí ibo ni?"

Ìyá gbójú sókè, wọ́n rí mi níbi tí mo dúró sí. Wọ́n wò mí díẹ̀, wọ́n sì yí ojú sí oníbàárà wọn.

"Gàrí Ìjẹ̀bú ni," ni wọ́n wí.